Okùn, kílíìpù, iná tàbí stapler: bí a ṣe ń yan ohun tí a ó fi gé iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀

"Ọ̀gá, ṣé stapler la máa lò lọ́la ni àbí okùn?" Bí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ bá ti wà lórí ìwé tíátà báyìí, ìbéèrè tí àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Ilé-Ifẹ̀ máa ń gbé pàdé mi nìyẹn. Stapler ni irinṣẹ́ tó ń fi píìnì kéékèèké ti iṣan pa, tó sì ń gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà a sì dá a padà sí wọn lọ́wọ́: iṣan wo lẹ fẹ́ gé? Báwo ló ṣe sanra tó? Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú yín ò tó? Bí ohun tí ẹ fi dì í bá yọ lójijì, ṣé ìka yín á tètè débẹ̀? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yan irinṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, stapler tó wọ́n jù lọ láyé kò ní gbà á là.

Àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ àti àwọn nọ́ọ̀sì tíátà ni mo dìídì kọ èyí fún. Ẹ má fi kíkà rẹ̀ rọ́pò ọ̀gá tó dúró tì yín. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dá kọ́ṣẹ́. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn tó bá kà á náà á rí ìdí tí a fi ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n wá ẹni tó máa fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí a tó dá ọjọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà

Nínú àgbàlagbà, bíi lítà kan ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí ọkàn ń tú jáde. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọlé. Portal vein tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ìfun ló ń gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wá, hepatic artery ló ń gbé ìyókù. Àwọn méjèèjì àti òpó òróòro jọ ń rìn pọ̀ ni, awọ líle kan ló sì wé wọn pọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀ títí wọnú ẹran rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà àbájáde yàtọ̀ pátápátá. Hepatic vein mẹ́ta ni, ti ọ̀tún, ti àárín àti ti òsì, wọ́n sì ń já sínú vena cava, iṣan ńlá tó ń gba ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ gòkè lọ sí ọkàn. Kò sí awọ líle kankan tó wé àwọn wọ̀nyí. Ara wọn fẹ́lẹ́, fífà díẹ̀ a sì fà á ya. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo yíyàn ti bẹ̀rẹ̀: iṣan tó ń wọlé ń gba okùn dáadáa, àmọ́ iṣan tó ń jáde ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí píìnì, nítorí okùn tí a kàn so mọ́ ọn lè yọ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ààlà náà ṣe pàtàkì. Okùn ara tí ojú ń rí níwájú ẹ̀dọ̀ kọ́ ló pín in sí ọ̀tún àti òsì. Dókítà James Cantlie ló fi hàn ní 1898 pé ààlà tòótọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àpò òróòro jókòó sí, ó sì lọ já sí vena cava lẹ́yìn. Nígbà tó di 1957, Couinaud, dókítà ará Faransé, pín ẹ̀dọ̀ sí apá mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tirẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un. Ẹni tó bá gba ààlà gé ẹ̀dọ̀ máa ń pàdé iṣan ńlá díẹ̀, ó sì ti mọ orúkọ wọn kó tó pàdé wọn. Ẹni tó bá gé e gba ibi tó wù ú á máa pàdé iṣan tí kò retí.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé

Ẹ gbé CT scan aláìsàn lọ bá dókítà tó ń ka scan, kí ẹ jọ jókòó tì í. Ẹ má fi mọ sórí bébà tó kọ èsì sí. Ohun tí ẹ ń wá ni bí iṣan ẹni yìí gan-an ṣe tò. Nínú bíi ẹnì kan láàárín mẹ́wàá, hepatic artery ọ̀tún kì í wá láti ibi tí ìwé sọ. Ara iṣan ìfun ló ti ń yọ, tó sì ń gba ẹ̀yìn portal vein kọjá. Ti òsì náà lè yọ láti ara iṣan ikùn. Portal vein ọ̀tún nígbà mìíràn kì í ní ìdí kan, ẹ̀ka méjì ló máa ń yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá sì rò pé ọ̀kan ni á gé èyí tí kò yẹ. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ ọ̀tún bóyá iṣan àfikún kan tó sanra wà tó ń já tààrà sínú vena cava.

Ẹ wọn ẹ̀dọ̀ tó máa ṣẹ́ kù. Ẹ̀dọ̀ tó yè kooro, ó yẹ kí ìdá 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ṣẹ́ kù, ó kéré tán. Ẹni tó ti gba oògùn jẹjẹrẹ púpọ̀, ìdá 30. Ẹ̀dọ̀ tó ti le, tí a ń pè ní cirrhosis, ìdá 40.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ará ibí jù. Láàárín wa, hepatitis B, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mẹ́dọ̀wú, wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù lọ, ó sì ti máa ń sọ ẹ̀dọ̀ di líle kí kókó náà tó yọ. Bí aláìsàn bá dé láti Ìpetumọ̀dù tàbí Ìbòkun pẹ̀lú kókó kan ṣoṣo, ẹ má rò pé kókó náà nìkan lẹ fẹ́ bá jà. Nínú ẹ̀dọ̀ tó le, agbára ẹ̀jẹ̀ inú portal vein ti ga, iṣan tó yẹ kó rí tín-ín-rín ti wú, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dì, ẹran ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì gba kíláǹpù bí ẹ̀dọ̀ tútù ṣe ń gbà á. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ líle ń yí padà díẹ̀díẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ bó bá débẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo ohun tó wà nílé. Lálẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ni kí ẹ ṣe é pẹ̀lú nọ́ọ̀sì tó máa dúró ti tábìlì, kì í ṣe nígbà tí a bá ti ṣí inú. Okùn sílíkì 2-0 àti 3-0 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí okùn ṣe sanra tó), Prolene 4-0 àti 5-0, ìyẹn okùn tí kì í yọ́ tí a fi ń rán iṣan, okùn tó ń yọ́ fún òpó òróòro, kílíìpù, Satinsky, ìyẹn kíláǹpù tó tẹ̀ fún iṣan ńlá, àti bulldog, kíláǹpù kékeré fún iṣan. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ tó ń fi ooru dì iṣan, ẹ rántí pé iná mọ̀nàmọ́ná ló ń jẹ. Ẹ bi àwọn tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ bóyá epo wà níbẹ̀. Stapler tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kò nílò iná, okùn náà kò nílò iná.

Owó náà ńkọ́? Kátíríìjì stapler, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé ní ọ̀pọ̀ ọsibítù wa, àpò ẹbí aláìsàn ló ti ń jáde. Bí ẹ bá fi stapler gé ẹ̀dọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kátíríìjì bíi mélòó kan á ti lọ kí ẹ tó mọ̀. Èrò tèmi ni pé bí owó bá mọ níwọ̀n, hepatic vein ni kí ẹ ná an lé lórí, lẹ́yìn rẹ̀ portal vein. Ìyókù, okùn tó o.

Ẹ dín ẹ̀jẹ̀ kù kí ẹ tó gé ohunkóhun

Ọ̀nà méjì la ń gbà ṣe é, ẹ sì nílò méjèèjì.

Ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ dókítà akunnilóorun. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti hepatic vein tú jáde kò níí ṣe pẹ̀lú ohun tó ń wọlé. Ẹ̀yìn ló ti ń padà wá, láti ọ̀dọ̀ ọkàn. Tí omi bá pọ̀ lára aláìsàn, hepatic vein á wú bámúbámú, ihò kékeré kan á sì máa da ẹ̀jẹ̀ bí ẹni dà á. Nítorí náà, kí a tó parí gígé, kí wọ́n rọra máa fún un lómi, kí agbára ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀, ìyẹn àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, má kọjá nǹkan bíi 5 mmHg. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́dọ̀ bá a sọ láàárọ̀ ni, kó lè gbà á bí ètò, kó má gbà á bí àṣẹ tí ẹ pa fún un láàárín iṣẹ́.

Ti kejì ni wọ́n fi orúkọ Pringle pè, oníṣẹ́-abẹ ní Glasgow tó kọ nípa rẹ̀ ní 1908. Ẹ ti ìka òsì bọ ihò tó wà lẹ́yìn okùn tí portal vein, hepatic artery àti òpó òróòro wà nínú rẹ̀. Ìka yín á yọ sí òdì kejì láìsí wàhálà, àfi tí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ àtijọ́ bá ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fa tẹ́ẹ̀pù òwú kan yí i ká, ẹ kó orí méjèèjì wọnú ẹyọ rọ́bà catheter kékeré tí ẹ gé, tó gùn tó ìka kan. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ ti rọ́bà náà wọlé kó fún tẹ́ẹ̀pù, ẹ sì fi kíláǹpù mú orí rẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ náà kò ju ìyẹn lọ, kò sí ilé ìtajà oògùn tí kì í ta ohun tí a fi ń ṣe é.

Ìṣẹ́jú 15 la ń tì í, ìṣẹ́jú 5 la ń ṣí i, kí ẹ̀dọ̀ lè mí. Nọ́ọ̀sì tó ń káàkiri ni kó máa wo aago, kó sì máa ké e sókè, nítorí oníṣẹ́-abẹ kì í mọ̀ pé àkókò ń lọ. Fún ẹ̀dọ̀ tó le, mo fẹ́ kí ìgbà tí a ń tì í kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí iye ìgbà náà sì kéré. Ẹ tún mọ̀ pé Pringle kò dí ohun tó ń padà wá láti hepatic vein. Bí ẹ bá ti tì í tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ṣì ń yọ, ẹ ti mọ ibi tó ti ń wá nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà: èyí tó ń wọlé

Bí ẹ bá fẹ́ gé ọ̀tún tàbí òsì kúrò pátápátá, ẹ kọ́kọ́ gé ohun tó ń bọ́ ọ lóúnjẹ.

Hepatic artery ló ṣáájú. Ẹ tú u sílẹ̀ yíká, ẹ fi bulldog tì í, ẹ wá fi ìka kan iṣan tó yẹ kó ṣẹ́ kù fún apá kejì. Bó bá ṣì ń lù, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá dákẹ́, ẹ yọ bulldog kíákíá, iṣan mìíràn lẹ dì mú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn kan fi ń fò ó. Sílíkì ni kí ẹ fi so ó: méjì ní ìhà tó ń ṣẹ́ kù, kí ẹ gba abẹ́rẹ́ la àárín iṣan fún ìkejì kó má lè yọ̀, ọ̀kan ní ìhà tó ń lọ, kí ẹ wá gé àárín. Kílíìpù irin nìkan lórí iṣan yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó ń fi páàkì nu ẹ̀jẹ̀ lè fà á yọ láìmọ̀.

Portal vein ọ̀tún kúrú, ẹ̀ka kékeré kan sì máa ń fara pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń lọ sí apá kìíní ẹ̀dọ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ so, kí ẹ tó fi kíláǹpù onígun gba ẹ̀yìn portal vein náà. Bí àyè bá wà, stapler á ṣe é wẹ́rẹ́. Bí kò bá sí, kíláǹpù méjì, ẹ gé àárín, kí ẹ fi Prolene 5-0 rán ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ rán an ní ìbú, kì í ṣe ní gígùn, kí oríta tó ń lọ sí òsì má bàa fún. Okùn lásán tí a so mọ́ ìdí tó gbòòrò tó sì kúrú máa ń fẹ́ yọ̀, òmíràn á sì fa oríta wọlé. Lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá ti tì, ẹ ó rí i tí àwọ̀ ẹ̀dọ̀ yí padà: ìhà kan á ṣókùnkùn, ìlà tó là á á hàn kedere. Ẹ fi diathermy, irin iná tí a fi ń gé ẹran, sàmì síbẹ̀ kó tó parẹ́.

Òpó òróòro ni kí ẹ gé kẹ́yìn, nínú ẹran ẹ̀dọ̀ bó bá ṣeé ṣe, jìnnà sí oríta. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi gé e, kí ẹ fi okùn tó ń yọ́ rán an. Ẹ má fi sílíkì sí i, òkúta lè gbára jọ lé e. Ẹ má sì mú ẹ̀rọ olóoru dé tòsí ibẹ̀ rárá. Òpó tí ooru ràn lónìí lè fún pọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí aláìsàn á wá padà pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Àwọn kan máa ń dì awọ tó wé gbogbo rẹ̀ mú lápapọ̀, kí wọ́n fi stapler gé e lẹ́ẹ̀kan. Ó yá, ó sì dára, bí kókó náà bá jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Àmọ́ kí ẹ kọ́kọ́ tì í láìtíì gé e, kí ẹ wo ìlà àwọ̀ náà, kí ẹ tó tẹ stapler.

Hepatic vein: ibi tí mo ti máa ń ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́

Iṣan yìí fẹ̀ tó ìka, bó sì ṣe jáde láti inú ẹ̀dọ̀ báyìí ló ti wọ vena cava. Kò sí gígùn tí ẹ lè fi ṣeré. Bí okùn bá yọ̀ níbẹ̀, orí rẹ̀ á padà wọ inú vena cava, ọgbẹ́ tó kù kì í ṣe ohun tí ẹ fi ọwọ́ kan dí.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, àwọn iṣan kéékèèké tó ń já láti ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ sínú vena cava wà níwájú yín. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí ẹ máa gbà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ní ìhà vena cava, kílíìpù ní ìhà ẹ̀dọ̀ tó ń lọ. Èyí tó bá ti ju bíi mílímítà 5 lọ, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi rán an. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ olóoru yá ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ara vena cava ni a wà.

Nígbà tí hepatic vein ọ̀tún bá ti hàn yíká, ẹ fa okùn rọ́bà yí i ká kí ẹ lè rọra gbé e. Bí stapler bá wà, kátíríìjì funfun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, tí píìnì rẹ̀ ga ní mílímítà 2.5, tó sì ń tì dé bíi mílímítà 1. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín ni kó gba ẹ̀yìn iṣan. Bí kò bá fẹ́ kọjá, ẹ yí ọ̀nà tí ẹ gbà wọlé padà. Ẹ má tì í tipátipá. Ẹ rí i pé imú rẹ̀ ti yọ kọjá iṣan ní òdì kejì, kó sì sí kílíìpù kankan láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, nítorí stapler tó bá gé lé irin kì í tì. Ẹ pa á dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà akunnilóorun bóyá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣì dúró. Bó bá já lulẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, vena cava lẹ fún mọ́ ọn, ẹ ṣí i. Bó bá dúró, ẹ ka ẹní, èjì títí dé 15, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sì ṣí i pẹ̀lẹ́ láìfa ohunkóhun. Ní gbogbo àkókò yìí, Satinsky gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ṣíṣí, Prolene 4-0 gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu irin abẹ́rẹ́. Stapler kì í sábà kùnà. Ọjọ́ tó bá kùnà, kò sí àyè láti sọ pé "ẹ bá mi wá Prolene."

Níbi tí stapler kò sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ ò ṣeé ṣe. Satinsky ní ìhà vena cava, kíláǹpù kejì ní ìhà ẹ̀dọ̀, ẹ gé e kí ìdajì sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán ṣẹ́ kù níwájú Satinsky. Ẹ fi Prolene 4-0 rán an lọ, kí ẹ rán an bọ̀, kí ẹ tó rọra tú Satinsky díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún un tì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí stapler tó dé, ó sì ń dúró.

Ti àárín àti ti òsì máa ń pàdé kí wọ́n tó wọ vena cava nínú ara ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tó bá ń yọ òsì gbọ́dọ̀ rí oríta yẹn kedere. Bí kò bá rí i, kó fi iṣan náà sílẹ̀, kó gé e láti inú ẹran nígbà tó bá débẹ̀ níkẹyìn.

Inú ẹran ẹ̀dọ̀

Níbí ni ẹ̀rọ olówó ńlá ti pọ̀ jù: èyí tó ń fi ìró fọ́ ẹran, èyí tó ń fi omi gé e, èyí tó ń fi ooru dì í. Ní 2005, àwọn oníṣẹ́-abẹ kan ní Zurich tẹ ìdánwò kan jáde. Wọ́n pín 100 aláìsàn sí ọ̀nà mẹ́rin láìṣojúsàájú. Kíláǹpù lásán, pẹ̀lú Pringle, ló yá jù, òun ni ẹ̀jẹ̀ kéré jù níbẹ̀, òun ló sì pọ́ọ́kú jù. Ní 2014, ìdánwò kan jáde láti Heidelberg ní Jámánì tó fi stapler wé kíláǹpù. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣòfò kò yàtọ̀ síra. Mi ò sọ èyí láti fi bú ẹ̀rọ. Mo sọ ọ́ nítorí dókítà tó gbà pé òun ò lè gé ẹ̀dọ̀ láìsí ẹ̀rọ olówó ńlá.

Bí a ṣe ń lo kíláǹpù lásán rèé. Ẹ fi diathermy gé awọ òkè ẹ̀dọ̀ lójú ìlà tí ẹ sàmì sí, kó má jìn ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ẹ ti Pringle. Ẹ ki ẹnu kíláǹpù Kelly tó tín-ín-rín wọnú ẹran, díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ pa á dé pẹ̀lẹ́, ẹ ṣí i. Ẹran á fọ́ kúrò, àwọn iṣan á sì kù síbẹ̀ bíi fọ́nrán kànìnkànìn tí ọṣẹ ti ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ẹni kejì yín á fa omi àti ẹ̀jẹ̀ kúrò, á sì rọra ya ìhà méjèèjì kí ojú lè tó ìsàlẹ̀. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan tó bá yọ, ẹ wò ó kí ẹ tó gé e. Èyí tó funfun, tó sì le díẹ̀, ti ẹnu ọ̀nà ni, òpó òróòro wà nínú rẹ̀. Èyí tó dúdú bí aró, tó fẹ́lẹ́, hepatic vein ni tàbí ẹ̀ka rẹ̀.

Èyí tí kò tó mílímítà 2, ẹ fi bipolar, irin iná ẹlẹ́nu méjì, jó o, kí omi iyọ̀ máa kán sórí rẹ̀ kí ẹran má bàa lẹ̀ mọ́ irin. Láti 2 sí bíi 5, okùn tàbí kílíìpù. Láti ibẹ̀ sí 7, ẹ̀rọ tó ń fi ooru àti ìfúnpọ̀ dì iṣan lè ṣe é bí iṣan náà bá dá wà tí ẹ sì rí i yíká, àmọ́ okùn ni èmi ṣì ń fẹ́. Èyí tó bá ju 7 lọ, ẹ gba abẹ́rẹ́ la àárín rẹ̀ kí ẹ tó so ó, tàbí kí ẹ lo stapler.

Fọ́nrán funfun yẹn ní òfin tirẹ̀, láìka bó ṣe kéré tó sí. Ẹ̀rọ olóoru dára fún ẹ̀jẹ̀, kò ṣeé gbọ́kàn lé fún òróòro. Iṣan á dì, òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á dà bí pé ó dì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta òróòro á máa kán jáde. Ẹ so ó tàbí kí ẹ fi kílíìpù sí i.

Kílíìpù: ẹ rí orí rẹ̀ méjèèjì kí ó yọ kọjá iṣan kí ẹ tó fún un. Méjì ní ìhà tó ń ṣẹ́ kù, ọ̀kan ní ìhà tó ń lọ. Ẹ má fi síbi tí stapler máa gbà tó bá yá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sí i, ẹ má nu ibẹ̀, ẹ tẹ páàkì mọ́ ọn, kí ẹ gbé e kúrò. Nínú ẹ̀dọ̀ tó le, kílíìpù kì í jókòó dáadáa nítorí ẹran tó wà lára iṣan kì í fọ́ kúrò tán. Okùn ni kí ẹ máa fi so púpọ̀ nínú wọn, kí ẹ sì fara mọ́ ọn pé iṣẹ́ á pẹ́. Stapler nínú irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bá mi lára mu, ẹran tó nípọn tó sì le máa ń ya níbi tí píìnì bá gún un.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá tú

Ìka ni àkọ́kọ́. Ẹ má fi kíláǹpù wá nǹkan tí ẹ ò rí nínú adágún ẹ̀jẹ̀. Ihò mílímítà 2 lára hepatic vein ń di sẹ̀ǹtímítà kan báyìí-báyìí. Ẹ tẹ ìka mọ́ ọn, ẹ sọ fún dókítà akunnilóorun, ẹ jẹ́ kí ẹni kejì fa ẹ̀jẹ̀ tó wà yíká kúrò. Bí Pringle kò bá sí lórí rẹ̀, ẹ tì í. Ẹ wá rọra yí ìka kúrò kí etí ihò hàn, ẹ fi Prolene 5-0 rán an, abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ ki páàkì síbẹ̀, kí ẹ lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nígbà tí ẹ bá fi máa padà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá.

Ewu mìíràn wà tí kì í pariwo. Nígbà tí agbára iṣan àbọ̀ bá wálẹ̀, hepatic vein tó ya lè fa afẹ́fẹ́ sínú dípò kó da ẹ̀jẹ̀ síta. Bí dókítà akunnilóorun bá kígbe pé èémí carbon dioxide aláìsàn ṣàdédé wálẹ̀, ẹ fi ìka dí ibẹ̀, ẹ da omi iyọ̀ kún gbogbo ojú iṣẹ́, kí wọ́n sì rọ orí tábìlì sílẹ̀.

Kí ẹ tó pa inú dé

Ẹ tú Pringle. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún aláìsàn lómi, kí ìfúnpá padà sí bó ṣe yẹ, kí wọ́n di èémí rẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí iṣan àbọ̀ lè wú. Ibi tí okùn ò bá dáa á fi ara hàn nígbà náà, kì í ṣe lóru. Carl Langenbuch tó gé apá òsì ẹ̀dọ̀ obìnrin kan ní Berlin ní ìparí àwọn ọdún 1880 ní láti tún inú rẹ̀ ṣí lálẹ́ ọjọ́ kan náà, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà.

Lẹ́yìn ti ẹ̀jẹ̀, ẹ fi páàkì funfun tó mọ́ tẹ ojú tí ẹ gé, ẹ ká a, ẹ wò ó. Àmì pupa kékeré kò tó nǹkan. Àmì yẹ́lò tàbí àwọ̀ ewé, ẹ wá ibi tó ti wá, ẹ rán an. Àwọn ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀dọ̀ kó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró, fún ibi tó ń rin ni, wọn kò lè di iṣan tó la ẹnu sílẹ̀ mú.

Tí ẹ bá fi rọ́bà tó ń fa omi jáde sílẹ̀ nínú aláìsàn, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò: àwọ̀ rẹ̀, iye rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àti bí ọkàn aláìsàn ṣe ń sáré. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ fa omi rọ́bà náà lọ sí láábù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí bilirubin, èròjà yẹ́lò tó wà nínú òróòro, tó wà nínú omi náà bá tó ìlọ́po mẹ́ta ti inú ẹ̀jẹ̀, òróòro ń jò. Ẹ má yọ rọ́bà náà o.